Kí Lo Ń Ṣe Nínú Ọkọ̀?

Òpópó Ọdà,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àkànní, ọkọ mi,

Owó wọlé. Ọjọ́ 25 ni fóònù dún bó ṣe máa ń dún lóṣooṣù, mo wò ó, orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Olúwa á máa bù sí i fún ọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ kò wọlé. Oṣù kẹta rèé tí owó ń wọlé tí ohùn kò bá a wá. Bí mo bá pè, o kò ní gbé e. Tó bá wá di òru, wàá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé, "Màámi, ẹ má bínú, mo wà ní mítíìnì." Mítíìnì aago mẹ́wàá alẹ́? Ṣé ẹgbẹ́ òru lẹ dá sílẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn ni?

N kò bínú o. Irọ́ ni, mo ń bínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síwèé. Ráfíù ọmọ Alhaja ló máa yà á ní fótò tí á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kà á. Yóò kà á.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. A kò rí iná mànàmáná láti Ọjọ́rú. Àkùkọ tí o ní kí n má pa, mo ti pa á, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Orúnkún mi ti ń gbọ́ díẹ̀; òróró tí Bùsọ́lá fi ránṣẹ́ láti Kánádà kò rí i ṣe, òrí lásán ni mo padà fi ń ra á. Èkúté wọ àjà, wọ́n ti jẹ awọ gángan rẹ.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n Ráfíù, tí òun náà ń gbé ní àdúgbò yín ní Ìkòròdú, wá ṣọdún Iléyá. Ó wá kí mi, mo bu ẹran fún un, mo béèrè rẹ. Ó kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, mo rí Bọ̀ọ̀dá o. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, lẹ́nu géètì ilé wọn, wọ́n ti pa iná ọkọ̀. Mo rò pé wọ́n ń dúró kí wọ́n ṣí géètì ni. Mo lọ ra búrẹ́dì, mo bọ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo wẹ̀ tán, mo jáde wá sá aṣọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀." Mo ní bóyá o ń sùn ni. Ó ní rárá, o la ojú sílẹ̀, ò ń wo iwájú. Ó tún ní kì í ṣe ọjọ́ kan.

Kí lo ń ṣe nínú ọkọ̀ yẹn, Àkànní?

Bó bá jẹ́ gbèsè ni, sọ fún mi, mo ti jẹ gbèsè rí, kò pa mí. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, sọ ọ́, n kì í ṣe ọmọdé. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, jọ̀ọ́ ọmọ mi, má fi pamọ́ fún mi. Má sì lọ máa bá ìyàwó rẹ jà pé òun ló ń rojọ́, kò rojọ́. Mo pè é, ó ní, "A wà dáadáa, Mà." Mo mọ "a wà dáadáa" yẹn. Èmi náà ti fi bo ilé mi fún ọgbọ̀n ọdún. Ọlámidé ló já fóònù gbà tó ń sọ fún mi pé tí òun bá ti sùn ni Dádì máa ń dé, tí òun bá sì jí, Dádì ti lọ.

Mo mọ̀ pé ìlú le. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èmi tí n kò ní ọkọ̀ pàápàá ń jẹ ìyà rẹ̀ lára tòmátì. Mo mọ ọ̀nà tí ò ń rìn. Lọ́dún 1990 tí wọ́n ṣí Afárá Kẹta, Third Mainland Èkó, tán, mo wà lára àwọn ọlọ́jà tó gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ lórí omi, a pariwo bí ọmọ ilé ìwé. Ní báyìí ìwọ ń gun orí rẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, o tún ń gbà á bọ̀ lóru, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo mọ́. Nítorí náà n kò ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni yóò san owó ilé? Ta ni yóò san owó iléèwé Ọlámidé? Àwọn tó ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó lọ wá ohun tí inú rẹ̀ fẹ́ ṣe, kó fi owó oṣù sílẹ̀, wọ́n ti jẹun yó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ fún ọ nígbà tí o wọ iṣẹ́ yìí pé kí o máa débẹ̀ kí ọ̀gá tó dé, kí o má sì kúrò níbẹ̀ kí ọ̀gá tó kúrò. O rántí? Nínú pálọ̀ yìí ni. Mo wá fi kún un pé, "Má lọ ṣe bíi bàbá rẹ o, ẹni tí kò ní ju ẹfun ìkọ̀wé lọ." Bàbá rẹ wà lórí àga rẹ̀. Ó gbọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó dìde, ó lọ bomi rin ewúro rẹ̀.

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà, Àkànní. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ó kú ní 2015, n kò sọ ọ́ fún un rí.

Olùkọ́ ìṣirò ni, aago méjì ọ̀sán ti bá a nílé. Á gbé Fẹ́sípà rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, á bu gààrì, á jókòó ti ìwọ àti Bùsọ́lá. Èmi á ti ọjà Ọba dé ní aago mẹ́jọ, tòun ti ẹsẹ̀ wíwú, mo sì ń bá a níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí owó oṣù àwọn olùkọ́ kò bá jáde, mo máa ń jẹ́ kó mọ̀ pé oúnjẹ mi ló ń jẹ. Kì í sì í ṣe irọ́ o, aṣọ ni mo fi tọ́ yín, léèsì àti àǹkárá ni mo fi kọ́ ilé yìí, yàrá méje, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Mo kà wọ́n lálẹ́ àná. Ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń sùn sí.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọkùnrin kan wá bá mi tí orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní ẹnjiníà lòun, ó ní, "Mà, owó WAEC mi, Tíṣà ló san án." Mo béèrè ọdún tó jẹ́. Nígbà tó dárúkọ ọdún náà, ọkàn mi já. Mo mọ owó yẹn. Mo wá a títí lọ́dún náà, mo ní obìnrin ló fi kó, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Kò sì jà. Ó kàn ń jẹ gààrì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé lẹ máa ń sọ pé kí ayé ènìyàn dọ́gba, iṣẹ́ lápá kan, ilé lápá kejì. Èmi mọ òṣùwọ̀n ní tèmi, ọ̀pá aṣọ ni. Aṣọ tí o bá ti gé fún oníbàárà, o kò lè tún un gé fún ẹlòmíràn.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù keje ọdún 1993, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò, mo lọ ra ọjà ní Balógun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, Èkó dàrú: wọ́n ń jó táyà lójú títì, ṣọ́ọ̀bù ti, ọkọ̀ kò rìn. Mo sá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi ní Muṣin, alẹ́ mẹ́rin ni mo sùn níbẹ̀. Irú wa kò tíì ní fóònù alágbèéká nígbà náà, ó di 2001 kí GSM tó dé. N kò mọ̀ pé ibà ti gbé ọ, tí gìrì sì ti mú ọ lẹ́ẹ̀mejì, tí bàbá rẹ pọ̀n ọ́ lóru lọ sí ọsibítù.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni pé Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ kan fẹ́ gbéra lọ sí Àkúrẹ́. Mo ti gbé ẹrù sílẹ̀. Ẹnì kan wá sọ pé oníléèsì yóò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì, pé yóò tà á ní owó pọ́ọ́kú nítorí ẹ̀rù ń bà á. Mo ní kí ọkọ̀ máa lọ. Mo dúró de léèsì, Àkànní.

Èrè rẹ̀ pọ̀. N kò lè rántí ohun tí mo fi ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la wá gbéra, a dúró ní Òrè kí dẹ́rẹ́bà jẹun, ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n já wa sí gáréèjì. Ilé kò jìnnà, n kò sì lọ. Mo jókòó lé ẹrù mi. Àwọn ológì ń kọjá, ọmọkùnrin kan ń gbá ilẹ̀, mo ń wò ó. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbàkúùgbà tí mo bá ti Èkó dé, kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Nínú ọjà, mo mọ ẹni tí mo jẹ́: Ìyá Aláṣọ, ẹnu mi dùn, ìwé àwìn mi péye. Ilé ni n kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀. Ẹ̀yin yóò fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi tí n kò mú bọ̀ láti Balógun. Ní gáréèjì, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan.

Nígbà tí mo wọlé, o gbé orí sókè láyà bàbá rẹ, o ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà," bí ìgbà tí ènìyàn kí àlejò. O sì dá orí rẹ padà síbi tó wà.

Nítorí náà mo rò pé mo mọ ohun tí ò ń ṣe nínú ọkọ̀. Pè mí kí o sọ fún mi pé n kò mọ̀ ọ́n. Inú mi yóò dùn.

Àti owó tí ò ń fi ránṣẹ́ yìí, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Agolo Bournvita orí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣé o rántí? Bí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò, màá kówó sínú rẹ̀, màá ní kí Bùsọ́lá máa fi ra àkàrà. Mo kọ́ yín pé owó lè jókòó sípò ènìyàn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Jọ̀wọ́, má gbé agolo kalẹ̀ fún Ọlámidé.

Wọlé. Bí o kò bá tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, wọlé. Bọ́ bàtà, sọ fún ìyàwó rẹ pé, "Ó rẹ̀ mí, má tíì bi mí ní nǹkan." Yóò lè fara da ìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ni obìnrin kì í lè fara dà. Kábíyèsí Déjì pàápàá máa ń wọlé jókòó nígbà ọdún Ulefunta, kì í jáde sáyé, ìlú kò sì tìtorí ẹ̀ tú. Ààfin ló ń wọ̀ o, kì í ṣe ọkọ̀. Ìwọ náà wá ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá yín kò ní rí ọ. Bó bá bínú, kó bínú. Kó má sì bínú jù, kí wọ́n má lọ dá ọ dúró. O ti gbọ́ mi, o mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí o sì pè mí. Má fi owó oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́ bí o kò bá ní pè. Rárá, fi ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ṣùgbọ́n pè mí.

Èmi ni,
Màámi.

Mo gbàgbé: mo ti gbé gángan rẹ lọ fún onílù kan ní Ìsìnkàn kó fi awọ ewúrẹ́ tuntun bò ó. Ó yẹ ọṣán rẹ̀ wò, ó fa okùn èjìká rẹ̀, ó ní, "Màmá, ọlọ́wọ́ òsì ló ni ìlù yìí?" Mo dúró, mo ronú. N kò lè dá a lóhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ.