Ímeèlì iléeṣẹ́ kò yẹ kó máa bi wá ní ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Láwọn iléeṣẹ́ tó ṣì ń fi Microsoft Exchange Server tọ́jú ímeèlì sínú kọ̀ǹpútà tiwọn, òṣìṣẹ́ á ti wọlé láàárọ̀, síbẹ̀ bó bá fẹ́ rí ímeèlì rẹ̀ nínú ètò orí wẹ́ẹ̀bù iléeṣẹ́, wọ́n á tún bi í ní ọ̀rọ̀ aṣínà, àwọn ètò mìíràn a sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ewu gidi nìyẹn, nítorí olè tó bá já wọ inú ètò náà ti rí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé gbà.

NTLM, ọ̀nà ìdánimọ̀ àtijọ́ ti Windows, lè jẹ́ kí ètò náà mọ ẹni tó dé, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kó jíṣẹ́ onítọ̀hún fún kọ̀ǹpútà kejì tí ímeèlì wà. Kerberos, ọ̀nà ìdánimọ̀ mìíràn tó ti ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà wá, lè ṣe é: alábòójútó á kọ ọ́ sínú Active Directory, ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, pé ètò yìí lè gba tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀rí ìdánimọ̀ tó dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, lórúkọ òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ ímeèlì nìkan ni yóò sì lè mú un lọ. Iṣẹ́ náà gba sùúrù o, nítorí àṣìṣe lẹ́tà kan nínú SPN, ìyẹn orúkọ tí Kerberos fi ń dá ètò kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Mo rọ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kí wọ́n fún ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn láyè láti ṣe é.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.