Àwọn tó ń fúnra wọn tẹ ìtàn anjọ̀nnú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwọn tó ń fúnra wọn tẹ ìwé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àmì ohùn ló ń ba ìwé ìtàn anjọ̀nnú alápá púpọ̀ jẹ́ jù. Lẹ́tà bíi "ẹ́" kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, ńṣe ni wọ́n lẹ àmì mọ́ ọn. Bí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò bá ní fọ́ńtì yín (irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́), àmì á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, tàbí kó di àpótí kékeré. PDF tí fọ́ńtì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé fún atẹ̀wé, kí ẹ sì ka ẹ̀dà kan tán kó tó tẹ 500.

Bí èèpo ìwé bá dúdú, kí àwọ̀ náà fi mìlímítà 3 kọjá ojú ibi tí wọ́n máa gé, kí ìlà funfun má baà yọ létí. Apá kọ̀ọ̀kan ló ń gba ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) tirẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí anjọ̀nnú yín kò lè ṣe sínú ìwé kan. Bí iyọ̀ bá jó o ní apá kìíní, kò gbọdọ̀ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí oníyọ̀ ní apá kẹta!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe anjọ̀nnú ní Èṣù. Òrìṣà ni Èṣù; àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ló sọ ọ́ di Sàtánì. Orúkọ bí iwin àti egbére ṣì wà ńlẹ̀ tí ẹ lè lò.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín