Lẹ́tà sí Káyọ̀dé ní Portsmouth

Káyọ̀dé mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé súwẹ́tà mẹ́ta náà lo ṣì ń wọ̀ sùn?

Ìlú tí ò ń gbé ló mú mi rántí rẹ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kà lórí fóònù títí bátìrì á fi kú. Ẹni tí mò ń wá kiri nínú rẹ̀ ni ọ̀gágun ojú omi kan, Charles Napier. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, ní Spithead, ló ti kó ọkọ̀ ogun jáde ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹta 1854 láti lọ bá Rọ́ṣíà jà ní Òkun Baltic. Bàbá náà ti pé ẹni ọdún 68. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ wà lójú omi, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ.

Àsè ló ba nǹkan jẹ́. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ṣe àsè fún un ní Reform Club ní London, Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, ṣe alága. Napier ní òun retí pé òun á kéde ogun bí òun bá dé Baltic. Sir James Graham, mínísítà tó ń bójú tó iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, dìde, ó ní òun fọwọ́ sí i. Ogun tí ìjọba ò tíì kéde o! Inú bí John Bright, aṣòfin kan, débi pé ó gbé e dé ilé aṣòfin. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó: lẹ́yìn irú ariwo yẹn, kí lèèyàn fẹ́ mú wálé tí yóò tó wọn?

Bomarsund, odi Rọ́ṣíà kan ní Baltic, ló mú wálé; òun àti àwọn ọmọ ogun Faransé gba odi náà ní Oṣù Kẹjọ. Kronstadt àti Sveaborg, àwọn odi ńlá Rọ́ṣíà, ni àwọn ará London ń retí. Bó ṣe padà dé ní Oṣù Kejìlá, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi nìyí. Àwọn ará Southwark dìbò fún un ní 1855, ó bá wọlé sínú ilé aṣòfin tí Graham jókòó sí. Ní Oṣù Kẹta 1856, tí ogun ò tíì parí, ó dìde, ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ọkọ̀ ńláńlá ni wọ́n fún òun, omi ibẹ̀ ò sì jìn tó fún wọn; pé ọ̀pọ̀ atukọ̀ òun ò wọ òkun rí; pé Graham tó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún òun nípa odi olókùúta ló tún ń bi òun pé kí ló dé tí òun ò kọlù ú.

Ó gùn, Káyọ̀dé. Ó ń tún un sọ bí ìyàwó tí orogún purọ́ mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n pa fóònù dé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ bàbá yẹn tọ́ lójú tèmi. Nígbà tí ẹlòmíì padà lọ bá Sveaborg ní Oṣù Kẹjọ 1855, ọkọ̀ kéékèèké tó lè rìn lómi tí ò jìn ló kó lọ, wọ́n sì rọ̀jò àgbá lé e lórí fún ọjọ́ méjì. Ọ̀gá wọn yẹn ò ti àsè bọ̀ o.

Ní ọjọ́ 30 oṣù tí Napier sọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Paris. Ta ló tún ráyè ẹjọ́ bàbá arúgbó?

Catherington ni wọ́n sin ín sí, lẹ́bàá Horndean, kò jìnnà sí ọ. Bí o bá rí Sátidé kan tí o ò lọ síṣẹ́, wọ bọ́ọ̀sì, bá mi ya fọ́tò ibojì náà. Àárọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ o. Tó bá di alẹ́, bátìrì mi á ti kú.

Èmi ni,
Dèjì