Lẹ́tà Òpin Sáà: Òfin Tó Ń Dúró De Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òpin sáà, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Èsì ìdánwò wà nínú àpò ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kíláàsì àṣekágbá ló jẹ mí lọ́kàn jù.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n kó wá ní sáà yìí, kì í ṣe ọmọ ló kọ ọ́. Òmíràn, ọwọ́ àgbà hàn nínú rẹ̀ kedere. Òmíràn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dà á kọ. Níbí, a dá ìwé náà padà, a ní kí wọ́n tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ní yunifásítì.

Níbẹ̀, wọn yóò pe ọmọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Wọn yóò fi ẹ̀rí hàn án, wọn yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá jẹ̀bi, ó lè gba òdo, wọ́n lè ní kó lọ jókòó sílé fún sáà kan tàbí ọdún kan, wọ́n sì lè lé e pátápátá. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún un kì í gùn.

Ẹni tó ti gboyè jáde pàápàá kò bọ́. Ní 2011, Yunifásítì Bayreuth ní Jámánì gba oyè ọ̀mọ̀wé padà lọ́wọ́ Karl-Theodor zu Guttenberg, mínísítà ètò ààbò wọn, nítorí iṣẹ́ àdàkọ. Kò pé oṣù kan tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni àṣírí Diederik Stapel tú ní Yunifásítì Tilburg ní Netherlands: ọ̀jọ̀gbọ́n ni, àmọ́ ó ń hùmọ̀ èsì ìwádìí tí kò ṣe. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí ló mú mi dé ibi tí mo ń lọ gan-an. Òfin tó mú akẹ́kọ̀ọ́ mú olùkọ́. Olùkọ́ tó bá ń ta máàkì, tàbí tó ní kí ọmọ wá bá òun sùn kó tó yege, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè dé iwájú adájọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ó sì tètè sọ fún yín. Bí ó bá sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló wá débẹ̀.

Láti sáà tó ń bọ̀, inú kíláàsì ni wọn yóò ti máa kọ àwọn àròkọ wọn. Èyí tó bá délé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tiwọn kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́