Àjọkẹ́, ṣé o ń sùn?

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ẹ́ tó ò gbé fóònù. Gbogbo ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, o ò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó bọ̀dá ẹ tó wà ní Houston tó pè mí lọ́jọ́ Sunday. Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọsibítù, ó ní òun pè ẹ́ ní aago mẹ́ta òru, o sì gbé e, o ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà ò ń gé fíìmù, ohùn ẹ há bíi tẹni tó ti sunkún. Ó ní o sọ fún òun pé tó o bá ti dijú, màmá Júù inú fíìmù yín yẹn lò ń rí. Àjọkẹ́, ṣé o ń sùn?

Àlàáfíà la wà nílé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kejì fún bàbá ẹ, wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn padà. Àbúrò ẹ ti parí ìsìnrúlú, ó wà nílé, ó ń wáṣẹ́. Páànù tí atẹ́gùn ṣí, a ti kàn án, owó tó o ní wàá fi ránṣẹ́ fún un, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́ mọ́, fi ra oúnjẹ gidi, kí n má tún gbọ́ pé nudu nìkan lò ń jẹ. Wọn ò tíì fún wa níná látọjọ́ Tuesday, mò ń sáré tẹ èyí kí bátìrì tó kú.

Nígbà tó o kọ́kọ́ sọ fún mi pé yunifásítì yín fẹ́ ṣe fíìmù nípa àwọn Júù tó yè nínú ìpakúpa Hitler, mo bi ẹ́ pé kí ló kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Mo sọ ọ́ burúkú, mo mọ̀. Àwọn Júù tí èmi mọ̀ ò ju tinú Bíbélì lọ. Mo ní ṣé gbogbo iṣẹ́ fíìmù tó wà láyé ti tán ni, tí wọ́n fi máa gbé ẹrù òkú lé ọmọ mi lórí. O ò bá mi jiyàn. O kàn ń sọ ìtàn màmá yẹn fún mi lórí fóònù, ó lé ní wákàtí kan, látọjọ́ náà ni kò ti kúrò lọ́kàn mi.

O ní ọmọ ọdún 14 ni màmá nígbà yẹn, ní Họ́ngárì, lọ́dún 1944. O ní láàárín oṣù May sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù July ọdún yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, wọ́n kó àwọn Júù tó lé ní 400,000 kúrò ní Họ́ngárì nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó màlúù, Auschwitz, àgọ́ tí àwọn ọmọ ogun Hitler ti ń pa wọ́n ní Pólándì, ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Bí ọmọ náà ṣe sọ̀kalẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rọra sọ sí i létí pé tí wọ́n bá bi ẹ́ ní ọjọ́ orí, sọ pé 16. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi yà á sápá àwọn tó lè ṣiṣẹ́, tí wọ́n fín nọ́mbà sí i lápá, lẹ́tà A níwájú. Ìyá ẹ̀ di àbúrò ẹ̀ kékeré lọ́wọ́ mú, wọ́n ní káwọn gba apá kejì. Gáàsì ni wọ́n fi pa wọ́n.

Mo bi ẹ́ pé ìyá yẹn, ṣé ó wẹ̀yìn wo ọmọ ẹ̀. O dákẹ́ díẹ̀. O wá ní ohun tí màmá ń tìtorí ẹ̀ sunkún nínú fíìmù nìyẹn, pé àwọn ò rántí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń wá a nínú orí wọn, wọn ò rántí bóyá ìyá wọn wẹ̀yìn.

O ní mílíọ̀nù 6 ni gbogbo Júù tí wọ́n pa. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin mi.

Irú ọ̀rọ̀ yìí lò ń tún gbọ́ nígbà ogún, nígbà ọgbọ̀n, kó o lè mọ ibi tó o máa gé e sí, nínú yàrá kan ṣoṣo, láìsí ẹni tó máa sọ pé Àjọkẹ́ ó tó, wá jẹun. Ṣé o ò rí i pé ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà mí? Ẹni tí kò sùn, orí ẹ̀ á máa dá ìtàn sọ fún un. Mo ti rí i. Inú ilé ni mo ti rí i.

Ọmọ mi, mi ò sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún ẹ dáadáa rí. Fọ́tò wọn pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lo mọ̀. Wọ́n lọ sógun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ ológun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n wà, àwọn tó fi orí ru ẹrù gba inú igbó Kaladan kọjá, tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfúrufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Inú ìwé ni mo ti ka gbogbo ìyẹn, kì í ṣe lẹ́nu wọn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni igbe òru. Wọ́n á pariwo, èdè Haúsá ni, Haúsá tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn nínú iṣẹ́ ológun, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ mọ́ wọn ò ní sọ Haúsá sí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi á dìde lọ bá wọn. Èmi á fi aṣọ borí.

Lọ́dún 1987 mo wálé fún ọlidé, mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ nígbà yẹn. Alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Wá jókòó, mú bírò dání, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi kọ." Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ jẹ́ ó dọ̀la." Oorun kọ́ ló ń kùn mí. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ló bà mí. Nígbà tó dọ̀la wọn ò sọ ọ́ mọ́, èmi náà ò bèèrè. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n tún lò láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn, Àjọkẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko, mò ń wálé Kérésì, mò ń wálé Àjíǹde, mi ò mú bírò. Mẹ́dà Bọ́mà wọn ló kù, inú agolo Bournvita ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Nítorí náà nígbà tó o ní yunifásítì kan wà ní California tó tọ́jú ohùn àwọn èèyàn tó lé ní 50,000, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Júù tó yè, tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀ látọdún 1994, tí wọ́n jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mélòó kan, ohun tó ń ṣe mí tí mo fi jágbe mọ́ ẹ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Wákàtí kan ni bàbá mi ní kí n fún àwọn.

Mo tún kà á pé ọjọ́ 27 oṣù January 1945 làwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Auschwitz. Oṣù yẹn gan-an làwọn ọmọ ogun wa gba ìlú Myohaung ní Bọ́mà. Mo wá ń rò ó pé oṣù kan náà ni, ọmọdébìnrin yẹn níbẹ̀, bàbá mi lọ́hùn-ún.

Mo ti sọ fún ìyàwó bọ̀dá ẹ pé kó bá mi sọ fún ẹ kó o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tó bá ti jíṣẹ́, má gbà á. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n sùn, mo bẹ̀ ẹ́, kó o pa kọ̀ǹpútà yẹn ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó o sì wá ẹnì kan tí wàá máa bá sọ ọ́, ó burú kó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ń gbé e.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa kọ́kọ́ fi hàn ní fẹ́sítíbà fíìmù àwọn Júù yẹn, wọ aṣọ òkè tí mo fi ránṣẹ́. Bàbá ẹ ní tí ariwo bá wà lẹ́nu ọ̀nà torí ọ̀rọ̀ ogun Ísírẹ́lì àti Gásà, kó o má dá sí i, kó o wọlé lọ. Má lọ jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn ọ̀gá yín o. Ẹ̀gbẹ́ màmá ni kó o jókòó sí. Ẹ̀yin ti rí fíìmù yẹn títí, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá máa rí ara wọn lójú ògiri ńlá, láàárín èrò, nínú òkùnkùn, nìyẹn. Mú omi dání. Tó bá dé ibi ọkọ̀ ojú irin, di ọwọ́ wọn mú, báwọn èèyàn bá dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ìwọ má dìde.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi bi wọ́n, kì í ṣe níwájú kámẹ́rà. O ní wọ́n bímọ. Bá mi bi wọ́n pé lóru, tí wọ́n bá ń pariwo lójú oorun, kí ló wù wọ́n kí ọmọ tó ń gbọ́ wọn ní yàrá kejì ṣe.

Má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Pè mí, aago yòówù kó jẹ́.

Ìyá ẹ ni.