Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀nà Yangí Wa Wọ Inú Géèmù Ráàlì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ géèmù ìje ọkọ̀, pàápàá ìje ráàlì, níbi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti máa ń dá sáré lórí ọ̀nà oko, ọ̀nà inú igbó, ọ̀nà yìnyín tàbí ọ̀nà ọ̀dà, tí aago nìkan sì ń sọ ẹni tó yára jù. Ohun tí mo ń retí ni pé kí àwọn tó ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ mú ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ inú iṣẹ́ wọn, ìyẹn ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí gbogbo wa mọ̀, àti pé bí àwọn ará òkèèrè bá ń fà á nílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tiwa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Ìbàdàn níbí.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé lásìkò yìí ni pé géèmù ráàlì wà ní oríta. Iléeṣẹ́ Codemasters ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé Colin McRae Rally, tí wọ́n fi orúkọ gbajúmọ̀ awakọ̀ ráàlì kan pè, jáde ní ọdún 1998, géèmù tó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olólùfẹ́ ìje yìí láìtíì fojú kan ọkọ̀ ráàlì rí. Àwọn náà ló ṣe DiRT Rally ní ọdún 2015 àti DiRT Rally 2.0 ní ọdún 2019. Iléeṣẹ́ EA ti Amẹ́ríkà rà wọ́n ní ọdún 2021, wọ́n sì gbé EA Sports WRC, géèmù ìdíje ráàlì àgbáyé (WRC), jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Nígbà tó di ọdún 2025, EA kéde pé iṣẹ́ lórí géèmù ráàlì dúró. Ìkéde yẹn dùn mí gidigidi, nítorí pé ìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ kì í ṣe ohun tí a máa ń rí rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025 kan náà ni géèmù mìíràn, Assetto Corsa Rally, jáde fún àwọn tó bá fẹ́ tètè dán an wò, èyí tí àwọn tó ṣe é fi ẹ̀rọ léésà wọn ojú ọ̀nà gidi, tí gbogbo kòtò àti gegele ojú ọ̀nà náà fi wọ inú géèmù bó ṣe wà níta gan-an. Bí a bá lè wọn ọ̀nà ilẹ̀ Yúróòpù báyìí, a lè wọn tiwa náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú ráàlì yàtọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ géèmù ìje ló ń fi ọkọ̀ ráàlì ṣe àfikún lásán. Nínú Gran Turismo 7, tó jáde ní ọdún 2022, ọ̀nà ilẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ráàlì tó rẹwà sì wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jọ ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tó ń ka ọ̀nà fún un. Ìyẹn kì í ṣe ráàlì. Nínú ráàlì, àwọn méjì ló wà nínú ọkọ̀. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti rọra gba ọ̀nà náà kọjá, wọ́n á sì kọ gbogbo kọ́nà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi nọ́ńbà 1 dé 6 pín kọ́nà sí ìsọ̀rí, tí 1 jẹ́ èyí tó ṣẹ́ gan-an, tí 6 sì jẹ́ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún. Lọ́jọ́ ìje, atọ́nà á máa ka ìwé yẹn sókè, awakọ̀ á sì máa fi etí wa ọkọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí kọ́nà tó ń bọ̀. Bí onílù tó gbọ́n ṣe máa ń fi ohùn ìlù ṣáájú ẹsẹ̀ oníjó ni atọ́nà ṣe ń ṣáájú awakọ̀: bó bá pẹ́ jù, ó bàjẹ́, bó bá sì yá jù, ó bàjẹ́ náà ni. Ohùn Nicky Grist, ẹni tó ń ka ọ̀nà fún Colin McRae fúnra rẹ̀ lójú ìje, ni wọ́n lò nínú géèmù ọdún 1998 yẹn, mo sì gbà pé ohùn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí géèmù ọ̀hún wọ àwọn ènìyàn lára.

Áfíríkà kì í ṣe àjèjì nínú ìje yìí. Ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti fi ṣàjọyọ̀ ìwúyè Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ní àwọn ọdún 1970, ìje yẹn máa ń ju kìlómítà 5,000 lọ, lórí ọ̀nà tí a kò tì pa, tí ará ìlú àti ẹran ìgbẹ́ ṣì ń gbà, débi pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá wá ń rán hẹlikópítà ṣáájú kó máa wo ohun tó wà lọ́nà. Joginder Singh, ará Kẹ́ńyà, borí níbẹ̀ ní ọdún 1965, 1974 àti 1976. Shekhar Mehta, ẹni tí wọ́n bí ní Uganda, borí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìje náà kúrò nínú ìdíje àgbáyé lẹ́yìn ọdún 2002, ó sì padà ní ọdún 2021. Àwọn géèmù ti rántí Kẹ́ńyà: ó wà nínú WRC 9 ti ọdún 2020, ó wà nínú EA Sports WRC, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Kánádà tó ṣe art of rally sì fi Kẹ́ńyà kún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2021.

Apá tiwa ni wọ́n gbàgbé. Ìje Bandama, tí wọ́n fi orúkọ odò ńlá ilẹ̀ Côte d'Ivoire pè, wà nínú ìdíje àgbáyé láti ọdún 1978 títí di 1992. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọdún 1972, ọ̀nà rẹ̀ le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí ìje náà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mọ ẹni tó gba adé àgbáyé ọdún 1982. Michèle Mouton, obìnrin ará Faransé tó ń wa Audi Quattro, ti borí nínú ìje mẹ́ta lọ́dún náà, ní Portugal, ní Gíríìsì àti ní Brazil, ó sì ń lé Walter Röhrl ti ilẹ̀ Jámánì fún ipò awakọ̀ tó dáńgájíá jù lágbàáyé. Nígbà tí wọ́n dé Côte d'Ivoire, ikú bàbá rẹ̀ kàn án. Síbẹ̀, ó sáré, ó sì wà níwájú fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ ọ́ lẹ́nu, tí ó sì wá fọ́ ọkọ̀ náà nígbà tí ìje kù díẹ̀. Röhrl ló borí pẹ̀lú Opel, adé sì bọ́ sí i lórí. Lórí ilẹ̀ pupa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn Benin, Tógò àti Gáná tó wà láàárín wa, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn géèmù ráàlì tí mo ti gbá tó jẹ́ kí n gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ohun tí mo rò pé ó fà á ni pé Bandama ti kúrò nínú ìdíje àgbáyé kí géèmù ráàlì tó gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò tó àwíjàre, nítorí àwọn géèmù yìí kún fún ọkọ̀ àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́ níbi ìdíje kankan.

Bí wọ́n bá sì ń wá ọkọ̀ àtijọ́, Peugeot 504 ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa. Ní ọdún 1975, Ove Andersson ti ilẹ̀ Sweden fi 504 borí Safari, ọdún náà gan-an sì ni iléeṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 onílẹ̀kùn méjì borí Safari, ó sì tún fi í borí Bandama. Ọkọ̀ tó kó àwọn òbí wa láti Ìwó Road lọ sí Èkó àti Ìlọrin, tí mẹkáníìkì wa lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà láìwo ìwé, ni ọkọ̀ yìí. N kò mọ ọmọ Ìbàdàn tó ti dàgbà díẹ̀ tí kò ní mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bó bá gbọ́ ọ nínú géèmù.

Ọ̀nà náà ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ sí jù, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má lọ kun ọ̀nà Finland ní pupa kó sì sọ pé Áfíríkà nìyẹn. Yangí ní ìwà tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lórí rẹ̀ máa ń yí lábẹ́ táyà, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ rẹ̀ le koko, tí awakọ̀ tó bá tẹ búréèkì lójijì á fi rí i pé ọkọ̀ ṣì ń yọ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ kọjá á gbá òkúta yẹn sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì rí ojú ọ̀nà tó mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n eruku tí wọ́n tú sílẹ̀ á dúró sójú afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà á ṣù ní ìlà-ìlà, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n gìrìgìrì, táyà kò ní fi bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ mú mọ́. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, eruku á di ẹrẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ tó ṣì le, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti máa ń yọ̀ jù. Nígbà tí òjò bá ti wá kún rẹ́rẹ́, ọ̀gbàrá á gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á la àárín rẹ̀, kò sì sí bí ìwé atọ́nà tí wọ́n kọ lánàá ṣe lè bá ọ̀nà òní mu. Láti ọdún 1994 ni géèmù Sega Rally ti jẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ilẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀dà. Kò yẹ kí ó ṣòro lóde òní láti jẹ́ kó mọ̀ pé ilẹ̀ oṣù Kejì yàtọ̀ sí ti oṣù Keje.

A kò ní láti wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jìnnà. Wọ́n ti fi ọ̀dà sí títì Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà kúrò lójú títì ní agbègbè Ìjàyè, tàbí tó gba apá Àkùfò níbi tí wọ́n ti ń dáko, yóò rí ọ̀nà pupa tó ń gun òkè, tó ń sọ̀kalẹ̀ sí odò, tó ń kọjá láàárín igi kòkó. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ọ̀nà ọ̀dà, ìdágẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín Màpó àti Ọjàa'ba wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé onípáànù tó sún mọ́ títì pẹ́kípẹ́kí. Inú géèmù nìkan ni mo sọ o. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sáré ní Màpó.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan nítorí àwọn tó ń gbá géèmù ní ṣọ́ọ̀bù, ní Sángo, ní Agbowó àti ní Apẹtẹ. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ráàlì ni eré tó bá ṣọ́ọ̀bù mu jù, nítorí pé ẹnì kan ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan. Pádì kan àti tẹlifíṣọ̀n kan ti tó fún odindi àwùjọ: ẹni àkọ́kọ́ á sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, ẹni kejì á gbìyànjú láti lé e bá. Kí wọ́n ṣe é kí géèmù lè tọ́jú orúkọ àti àkókò gbogbo wọn. Kí wọ́n tún jẹ́ kí ìwé atọ́nà hàn lórí fóònù, kí ọ̀rẹ́ ẹni lè máa kà á sókè nígbà tí ẹni ń wakọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí géèmù má ṣe máa bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdíje inú DiRT Rally 2.0 kò ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí sì jẹ́ ìyà fún ẹni tó ń fi owó ra dátà, tó tún ń fi owó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ wa, mo ń wo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Pólì. Wọn kò ní láti dúró de iléeṣẹ́ ńlá. Richard Burns Rally jáde ní ọdún 2004, àwọn tó ṣe é sì ti pa á tì tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó kú: wọ́n ṣe ọ̀nà tuntun sí i, wọ́n fi ọkọ̀ kún un, wọ́n sì fi ohùn atọ́nà sọ èdè ìlú wọn nínú rẹ̀. Ọ̀nà Àkùfò kan, tí wọ́n bá fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ohùn ọmọ Yorùbá tó já gaara tó ń ka òsì àti ọ̀tún, lè wọ inú irú géèmù yẹn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ géèmù tiwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe, tí owó orúkọ ọkọ̀ sì ń dẹ́rù bà wọ́n, art of rally kò lo orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ kankan, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó rí ọkọ̀ inú rẹ̀ ló mọ èyí tó jẹ́.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí Safari bá tún dé ní Kẹ́ńyà, ẹ fún àbájáde rẹ̀ ní àyè díẹ̀ lójú ewé eré ìdárayá yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín, pàápàá àwọn àgbà tó ti gbé ní Àbíjàn rí, bá ní fọ́tò tàbí ìrántí ìje Bandama, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín fún títẹ̀ jáde, kí àwọn ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ọ̀nà náà sínú kọ̀ǹpútà lè rí ohun tí wọn yóò máa wò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mọ́níyà, Ìbàdàn