Ṣé gbogbo ìyàwó bàbá ló ń fi májèlé sọ́bẹ̀?

Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá léèrè: ṣé gbogbo ìyàwó bàbá ló ń fi májèlé sọ́bẹ̀ ọmọ ọkọ ni? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tí ọkọ mi bí kó tó fẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ dé. Mo ro àmàlà fún un, mo bu gbẹ̀gìrì sí i. Ọmọ náà ká ọwọ́ kò, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná." Fíìmù tí wọ́n wò lórí YouTube níbẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọmọ tí mo pọ̀n láti ìgbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn!

Ẹ̀yin náà mọ ìyàwó bàbá inú fíìmù. Gèlè á ga, ètè á pọ́n. Ọmọ ọkọ á máa fọ àwo ní kùtù hàì, ọmọ tirẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, á máa tẹ fóònù. Bàbá ò ní rí nǹkan kan. Tó bá di apá kejì, ìyàwó ti gba ilé oníṣègùn lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, á ya wèrè, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní gbangba. Ti ọkọ ìyá ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kó máa yọ́ wọ yàrá ọmọbìnrin.

Mi ò ní kò sí ìkà láàárín wa. Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí ọmọ gan-an ń ṣe ìkà, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ sọ gbogbo bàbá di apànìyàn. Àwa tí à ń sanwó iléèwé ọmọ ọlọ́mọ, tí à ń sùn ní ọsibítù tì í tí ibà bá mú un, fíìmù wo ni wọ́n fi tiwa ṣe? Ṣé gbogbo wa là ń fi májèlé sọ́bẹ̀ ni?

Kí tiẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, ń ṣe? Láti 1993 ni òfin ti gbé ìgbìmọ̀ yẹn kalẹ̀. Ní 2024, a gbọ́ ohùn wọn: wọ́n ní kí fíìmù yé gbé sìgá mímu àti oògùn owó lárugẹ. Ó dáa. Májèlé inú ọbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, owó oṣù ń wọlé, ìranù ń kọjá lórí YouTube.

Wọ́n ní àmì ọjọ́ orí lọ́wọ́, 12, 15, 18, tó ń sọ iye ọdún tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ wo fíìmù ti pé. Kí wọ́n lò ó! Fíìmù yòówù tí àgbàlagbà inú ilé bá ti ń fún ọmọ ní májèlé, kí wọ́n lẹ 18 mọ́ ọn, kó hàn gàdàgbà lára àwòrán tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ lórí YouTube. Kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ lédè Yorùbá: "Wọ́n fún ọmọ ní májèlé nínú fíìmù yìí." Ìyá àgbà tó fẹ́ tan fóònù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ti mọ ohun tó ń tàn. Ẹni tí kò bá lẹ̀ ẹ́, kó san owó ìtanràn, kí wọ́n sì yọ fíìmù náà kúrò títí yóò fi lẹ̀ ẹ́.

Kí àwọn òṣèrébìnrin tó lórúkọ náà sọ pé àwọn ò ṣe é tí wọ́n bá tún gbé irú ipa bẹ́ẹ̀ wá.

Èmi ni,
Ìyá Àwọn Ọmọ,
Ìbàdàn.